Ayínmú àti Ẹlẹ́dẹ̀ Tó Ń Fi Ṣóńṣó Pátákò Rìn

Ẹlòmíràn wà tó jẹ́ pé ẹnu ni Ọlọ́run fi ṣe é lóore, ẹlòmíràn sì wà tó jẹ́ ẹsẹ̀. Obìnrin tí à ń wí yìí, imú ni tirẹ̀. Kì í ṣe pé imú náà tóbi, inú ohun tó ń fi í ṣe ni ọ̀rọ̀ wà. Bí ènìyàn bá sọ ohun tí kò ní láárí níwájú rẹ̀, ihò imú ọ̀tún á gbéra díẹ̀, ètè òkè á bá a lọ, ojú á sì kúrò lára onítọ̀hún bí ìgbà tí ẹni tó wá rajà bá gbójú kúrò lára aṣọ tí kò ní rà. Ó parí nìyẹn. Kò ní bú ọ, kò ní bá ọ jiyàn. Ìdí rèé tí wọ́n fi ń pè é ní Ayínmú ní ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń pè é bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá wọ́n ń pè é lójú, òun náà sì ń dáhùn.

Ó ti yínmú sí ọ̀pọ̀ ènìyàn láyé. Ó yínmú sí ọkọ rẹ̀ títí ọkọ fi kó ẹrù. Ọkọ ní òórùn ẹlẹ́dẹ̀ tó ń bá a wálé kò jẹ́ kóun rí oorun sùn. Ayínmú ní ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n bá fún láyè, igun kan ṣoṣo ló ń yàgbẹ́ sí nínú yàrá rẹ̀, igun kejì ló ń sùn sí, kì í gbàgbé. Òun kò lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa ọkùnrin tó ń bọ́ ìbọ̀sẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo oúnjẹ. Ọkọ wá kó lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń ta ọṣẹ. "Kó ṣe é lóore," ni gbogbo ohun tí Ayínmú sọ. Láti ìgbà náà, òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ aránṣọ ni wọ́n jọ ń gbé nínú yàrá méjì lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tún rédíò ṣe. Àbúrò yìí nìkan ló lè sọ fún un pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, imú yín ti tún gbéra o," kó sì mú un jẹ.

Bàbá olóko, ẹni tó ni ọgbà náà, ló kọ́ ọ níṣẹ́. Bàbá kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó mú Ayínmú dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé àwọn abo ẹlẹ́dẹ̀ láàárọ̀ kùtù, ó ní kó má wọlé, kó má fi agolo oúnjẹ pariwo, kó kàn máa wò.

"Kí lo rí?" ni bàbá bi í.

"Ẹlẹ́dẹ̀, bàbá."

"Gbogbo ayé ló rí ẹlẹ́dẹ̀. Kí lo rí?"

Ó tó oṣù mẹ́ta kí Ayínmú tó lè dáhùn ìbéèrè yẹn dáadáa. Ó wá mọ̀ pé ẹlẹ́dẹ̀ tí ara rẹ̀ le, bó bá ti gbúròó ẹsẹ̀ ènìyàn ló ń dìde, èyí tó bá sì fi ikùn lélẹ̀ tó kàn ń ṣẹ́jú, ó ní ìdí. Èyí tó bá pẹ́ dé ìdí ọpọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú kan, wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ikọ́ kan lè jẹ́ ti eruku, ṣùgbọ́n bí ikọ́ bá di mẹ́ta nínú yàrá kan, lọ mú ìwé. Ìgbẹ́ tó ṣàn, ìgbẹ́ tó gbẹ bíi ti ewúrẹ́, etí tó pọ́n sí àwọ̀ elésè àlùkò, awọ ara tó ń yún ẹlẹ́dẹ̀ títí tó fi ń fara ha ògiri, gbogbo rẹ̀ ló ní ohun tó ń sọ. Bàbá tún fún un ní tẹmómítà kan tí wọ́n so okùn mọ́ nídìí, nítorí ẹlẹ́dẹ̀ kan ti fi ìdí gbé ọ̀kan mì rí. Wọ́n kọ ọ́ sórí ilẹ̀kùn pé ẹlẹ́dẹ̀ tí ara rẹ̀ dá kì í gbóná ju ogójì dín díẹ̀ lọ. Bó bá ti kọjá ogójì, kì í ṣe oòrùn. Pátákó kékeré kan wà lẹ́nu yàrá kọ̀ọ̀kan, ṣọ́ọ̀kì wà lára rẹ̀: ta ló jẹun, ta ni kò jẹun tán, ta ló lóyún, ọjọ́ wo ni yóò bí. Ayínmú tún ń da gbogbo rẹ̀ kọ sínú ìwé aláwọ̀ ewé kan ní ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà bíi ti ọmọ iléèwé.

Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ó wá mọ iṣẹ́ náà débi pé kò sẹ́ni tó tún jọ ọ́ lójú mọ́. Ibẹ̀ sì ni wàhálà wà. Ẹni tó bá mọ nǹkan kan délẹ̀délẹ̀, ó rọrùn fún un láti rò pé gbogbo ẹni tó kù ń pàfọ̀ ni.

Ẹni tó fojú tẹ́ńbẹ́lú jù lọ ni dókítà ẹran. Ọmọdébìnrin kan ni, tínrín, tó ń wo ayé láti inú gíláàsì ojú. Ìgbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ló kọ́kọ́ wá sí ọgbà náà. Abo ẹlẹ́dẹ̀ kan fi imú tì í lórúnkún, ó sì jókòó gbàgà sínú kòtò ìgbẹ́ tòun ti aṣọ funfun. Ọdún mẹ́jọ ti kọjá lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ náà ti gboyè, ó ti di dókítà, ó ń wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún láti fún àwọn ẹlẹ́dẹ̀ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Lójú Ayínmú, inú kòtò yẹn ló ṣì jókòó sí.

Nígbà tó yá, apá kan ara bàbá olóko rọ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin gbé e lọ sílé ara rẹ̀ láti máa tọ́jú rẹ̀, ó sì ní kí ọkọ òun máa bójú tó ọgbà.

Ọkọ yìí fẹ́ràn aṣọ ìnujú. Láti ẹnu géètì ló ti ń fi í bo imú. Òórùn lọ́fíńdà tó fín sí i máa ń ṣíwájú rẹ̀ wọlé, àwọn ẹlẹ́dẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sín. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí àwọn òṣìṣẹ́ fi sọ ọ́ ní Ìnujú. Ó kéré sí Ayínmú lọ́jọ́ orí ní ọdún mẹ́rìnlá, ṣùgbọ́n "ìwọ" ló ń pè é, ìka ló sì fi ń pè é wá.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí Ìnujú ṣe ni pé ó yọ gbogbo pátákó ẹnu yàrá kúrò. Ó ní ó ń ba ẹwà ilé jẹ́ nínú àwòrán. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n gbé agbada omi apakòkòrò tí wọ́n ń ti ẹsẹ̀ bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà kúrò, nítorí ó ń ba bàtà òun jẹ́. Ó wá gbé kámẹ́rà kan kọ́ sí àjà, ó gbé àga onírọ̀rí kan sí ọ́fíìsì, ó sì jókòó.

"Láti ibí yìí," ó ní, "mo ń rí gbogbo ẹlẹ́dẹ̀ tó wà nínú ilé yẹn. Ọ̀làjú ti dé."

Ayínmú wo inú ẹ̀rọ náà. Ó rí ẹ̀yìn ẹlẹ́dẹ̀, ẹ̀yìn ẹlẹ́dẹ̀, àti ẹ̀yìn ẹlẹ́dẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá," ó ní. Ihò imú ọ̀tún gbéra. Àwọn àgbà ṣáà ti ní ẹlẹ́dẹ̀ ń pàfọ̀, ó rò pé òun ń ṣoge.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni dókítà ẹran wá fún abẹ́rẹ́ àjẹsára, pẹ̀lú kúlà tí wọ́n kó oògùn sí lórí yìnyín. Ìnujú ló mú un wọlé. Wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín bọ̀. Ìnujú na aṣọ ìnujú sí Ayínmú bí ẹni nawọ́ sí pátákó ojú ọ̀nà, ó ní, "Dókítà yóò kọ́ ẹ̀yin òṣìṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń wo ẹlẹ́dẹ̀ tó ń ṣàìsàn, kí ẹ yéé méfò."

Kọ́ ta? Ayínmú tó ti ń wo ẹlẹ́dẹ̀ láti ìgbà tí dókítà ṣì ń jókòó sínú ìgbẹ́? Ara rẹ̀ gbóná ju ti ẹlẹ́dẹ̀ tó ní ibà lọ. Ṣùgbọ́n kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn ní àwọn abo ẹlẹ́dẹ̀ náà lóyún, wọn ò gbọdọ̀ dà wọ́n láàmú lónìí, kí dókítà máa lọ, bó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kó padà wá.

"Màámi, abẹ́rẹ́ yìí kò ní ṣe oyún wọn ní nǹkan kan," ni dókítà wí jẹ́jẹ́.

"Ṣé ìwọ ló ń bá wọn sùn ni, àbí èmi?"

Dókítà gbé kúlà rẹ̀, ó lọ. Ìnujú kò tilẹ̀ mọ ohun tí abẹ́rẹ́ náà wà fún, kò sì béèrè. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, dókítà pe fóònù Ayínmú lẹ́ẹ̀mẹta. Ó wo orúkọ tó yọ lójú fóònù, ó yínmú sí i, ó dojú rẹ̀ bolẹ̀ sórí tábìlì. Ṣùgbọ́n nítorí pé bàbá ti kọ́ ọ pé ìwé kì í ṣe ibi tí wọ́n ń purọ́ sí, ó ti kọ ọ́ síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà pé: *Dókítà gbé abẹ́rẹ́ wá. Mo ní kó máa lọ.*

Oṣù méjì kọjá. Ìnujú ra abo ẹlẹ́dẹ̀ méjìlá lọ́wọ́ ẹnìkan tó ń pa ọgbà tirẹ̀ dé. Ọkọ̀ kó wọn dé ní ọ̀sán gangan, tí òùngbẹ ti gbẹ wọ́n, tí ojú wọn pọ́n.

"Ilé àtijọ́ tó wà lẹ́yìn kànga ló yẹ ká kó wọn sí," ni Ayínmú wí. "Oṣù kan. Ká fi wo ohun tí wọ́n gbé wá."

"Kí ni wọ́n fẹ́ gbé wá? Báàgì?" Ìnujú rẹ́rìn-ín sínú aṣọ ìnujú rẹ̀. "Kó wọn sílé àwọn tó kù. Yàrá mẹ́rin ló ṣófo níbẹ̀, mi ò lè máa rán èèyàn gbé oúnjẹ lọ síbi méjì."

"Ọ̀gá, àlejò kì í dé kó bọ́ sí yàrá ìyá ilé."

"Ṣé ìwọ ni dókítà ni?"

Ayínmú wo aṣọ ìnujú yẹn, ó wo bàtà tó ń dán bíi dígí, ó sì rò ó pé ẹni tí kò gbọ́ tẹnu àgbà, ojú rẹ̀ ni yóò fi rí i. Ó kó wọn wọlé. Ká sọ tòótọ́, ohun kan nínú rẹ̀ fẹ́ kí nǹkan bàjẹ́, kí ọkùnrin yìí lè tẹ́. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, kò sì kọ ọ́ sínú ìwé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹfà, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Agolo kò tíì dún. Gbogbo wọn ti dìde, àfi ọ̀kan nínú àwọn àlejò. Ó wọlé, ó fọwọ́ kàn án. Ẹlẹ́dẹ̀ náà figbe ta bíi pé wọ́n gún un lọ́bẹ, ó dìde gbọ̀n-ọ́n, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Báyìí ni ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe tẹ̀ kọdọrọ, báyìí ló ṣe ń fi ṣóńṣó pátákò tẹlẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ìyàwó tó wọ bàtà gogoro lórí òkúta. Ó rìn ìṣísẹ̀ mẹ́rin, ó tún dọ̀bálẹ̀. Ayínmú ti tẹmómítà bọ̀ ọ́, ó di okùn rẹ̀ mú, ó kà á: ogójì lé ọ̀kan àti ààbọ̀.

Ó lọ sọ́dọ̀ Ìnujú.

"Ooru ni," ni Ìnujú wí láìgbójú kúrò níbi ẹ̀rọ rẹ̀. "Mo ń wò ó níbí. Ó kàn ń sinmi. Ẹ da omi sí i lára."

"Ó ń fi ṣóńṣó ẹsẹ̀ rìn, ọ̀gá."

"Ṣé ẹlẹ́dẹ̀ tó mọ̀ ọ́n rìn náà ti di àìsàn ni?"

Kó tó di ọ̀sán, àlejò funfun kan kú láìjẹ́ pé ó ṣàìsàn tẹ́nìkan rí. Ní ọ̀sán, èyí tí kò yẹ kó ṣẹlẹ̀ ṣẹlẹ̀. Abo dúdú ńlá kan, tó jẹ́ ti ọgbà náà láti ìbẹ̀rẹ̀, tí Ayínmú fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ̀bí rẹ̀ lẹ́ẹ̀meje, wá sídìí ọpọ́n, ó gbóòórùn oúnjẹ, ó sì yí padà. Ayínmú kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lára ẹlẹ́dẹ̀ funfun, ojú lè rí àrùn yìí, ṣùgbọ́n ara dúdú ń bò ó mọ́lẹ̀. Ó bá fi àtẹ́lẹwọ́ ra ẹ̀yìn rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó kan kókó kan, ó kan òmíràn, wọ́n le díẹ̀, wọ́n tẹ́ lórí, bíi bọ́tìnnì tí wọ́n rán sábẹ́ aṣọ. Ó padà lọ wo òkú ẹlẹ́dẹ̀ funfun tó wà lójúde. Àmì náà ti yọ síta lára rẹ̀: pupa, onígun mẹ́rin tó dúró lórí ṣóńṣó, bí èyí tó wà lára káàdì tí àwọn ọkùnrin ń ta.

Ó mọ̀ ọ́n. Bàbá ti fi àwòrán rẹ̀ hàn án rí. Ó sì mọ abẹ́rẹ́ tó wà fún un. Inú kúlà tó lé padà ni abẹ́rẹ́ yẹn wà.

Ó ṣì wà níbi tó ti ń ro èyí nígbà tó gbóhùn Ìnujú. Ìnujú ti lọ pe ọkùnrin kan tó ń fi kẹ̀kẹ́ kiri oògùn ẹran. Ọkùnrin náà ti fa omi pupa kan sínú sírínjì, ó ti gún ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́ta, abẹ́rẹ́ kan náà ló sì fẹ́ gbé kọjá sára àwọn tí kò ṣàìsàn. Ìnujú ti sọ aṣọ ìnujú sápò fún ìgbà àkọ́kọ́, ó ń fi ìka tẹ kókó ara òkú ẹlẹ́dẹ̀, ó ń ṣàlàyé fún ọlọ́jà oògùn pé ẹ̀fọn ló jẹ ẹ́. Wáyà géètì ti bó ìka náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ọgbẹ́ rẹ̀ ṣì tutù.

Ayínmú kò yínmú lọ́tẹ̀ yìí. Ó rìn lọ bá ọlọ́jà oògùn, ó gba sírínjì lọ́wọ́ rẹ̀ bí ìgbà tí ìyá bá gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọ, ó yọ abẹ́rẹ́, ó fi bàtà òjò tẹ̀ ẹ́ di kọdọrọ.

"O ya wèrè ni?" Ìnujú jágbe.

"Ohun tí ẹ fi gún èyí tó ń kú lẹ fẹ́ fi gún èyí tó wà láàyè. Ọ̀gá, ẹ lọ fi ọṣẹ fọ ìka yín. Kíákíá."

"Èmi lo ń pàṣẹ fún?"

"Kì í ṣe àṣẹ. Àánú yín ló ṣe mí."

Ó bọ́ bàtà òjò sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́, ó mú ìwé aláwọ̀ ewé, ó sì jáde. Ọ́fíìsì dókítà ẹran kò jìnnà, ìrìn ogún ìṣẹ́jú ni, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà ló mọ̀ pé ọ̀nà lè gùn ju ara rẹ̀ lọ. Oòrùn ń pa á látòkè, ọ̀rọ̀ ń pa á nínú. Ẹ̀ẹ̀mejì ló dúró. Ẹ̀ẹ̀kejì, ó wá awáwí kan rí: ó lè ní Ìnujú ló pàṣẹ pé kóun lé dókítà lọ. Ta ni yóò já a? Kò sẹ́ni tí kò ní gbà á gbọ́ nípa ọkùnrin yẹn. Ó rìn lọ pẹ̀lú irọ́ náà lẹ́nu bí ẹni gbé omi gbígbóná sẹ́nu.

Dókítà ń kọ nǹkan lórí tábìlì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, tí wọ́n fi páálí ká mọ́ nísàlẹ̀. Bó ṣe rí Ayínmú, ó dìde.

"Màámi, ẹ jókòó. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ayínmú kò jókòó. Ó sọ gbogbo rẹ̀: àlejò méjìlá, ọjọ́ mẹ́fà, ìgbóná ogójì lé ọ̀kan àti ààbọ̀, ṣóńṣó pátákò, òkú kan, bọ́tìnnì lábẹ́ awọ. Kò yọ ohunkóhun sílẹ̀ nínú ohun tó rí. Dókítà gbọ́ ọ títí kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sì ń mi orí bí ẹni gbọ́ ohun tí ìwé pàápàá kò sọ tó bẹ́ẹ̀.

"Ẹ fọwọ́ ra á kó tó hàn síta?"

"Dúdú ni. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń wo dúdú."

"Ẹ ṣeun gan-an, ẹ tètè rí i. Lẹ́yìn tí mo lọ lọ́jọ́ yẹn, ṣé àwọn abo yín gba àjẹsára? Ó yẹ kó wà nínú ìwé yẹn."

Irọ́ náà wà lẹ́nu rẹ̀, ó ti tutù, ó rọrùn láti gbé mì tàbí láti tú jáde. Ayínmú ṣí ìwé, ó wá ojú ewé náà, ó gbé e síwájú ọmọdébìnrin yìí, ó fi ìka lé orí ìlà rẹ̀.

"Èmi fúnra mi ni mo lé yín lọ, kò sẹ́ni tó rán mi," ó ní. Ó gbọ́ ara rẹ̀ tó ní "yín". "Ẹ pè mí lẹ́ẹ̀mẹta, mo rí i, mi ò gbé e."

Dókítà kà á. Ó bọ́ gíláàsì ojú, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. Ayínmú ń retí kó yínmú. Bó bá jẹ́ òun ni, ì bá ti yínmú títí imú á fi kan iwájú orí. Ṣùgbọ́n dókítà kàn nawọ́ mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.

"Pẹnisílíìnì wà nílẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó pọ̀ wà, olúkúlùkù ẹlẹ́dẹ̀ pẹ̀lú tirẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n kó àwọn àlejò lọ sí ilé ẹ̀yìn kànga, wọ́n gbé agbada apakòkòrò padà sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wa kòtò jíjìn fún òkú, wọ́n da ẹfun lé e. Láàárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, Ayínmú ń ti tẹmómítà bọ̀, ó ń pe nọ́ńbà, dókítà ń kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wá sídìí ọpọ́n ní ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́dẹ̀ méjì mìíràn kú. Abo dúdú ńlá náà yè, oyún inú rẹ̀ sì wálẹ̀, ọmọ mẹ́sàn-án, tí kò sí èyí tó mí. Ayínmú kó wọn sínú bákẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin tó ń fọ ilé ní kó jẹ́ kóun gbé e, ó ní, "Fi mí sílẹ̀. Èmi ni mo ṣe é." Ọkùnrin náà rò pé ìbànújẹ́ ló ń sọ ọ̀rọ̀ náà.

Ní ti Ìnujú, kò fọ ìka. Ní ọjọ́ kẹta, ìka náà wú, ó pọ́n, ó ń jó o bíi pé wọ́n ti í bọ iná. Dókítà ní kó tètè lọ sílé ìwòsàn, pé àrùn ẹlẹ́dẹ̀ yìí ń gba ojú ọgbẹ́ wọ ara ènìyàn, pé oògùn kan náà ló sì ń wò ó. Pẹnisílíìnì kan náà ni wọ́n gún òun àti àwọn ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní ó kù kí ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣóńṣó bàtà rìn.

Ìyàwó rẹ̀, ọmọ bàbá olóko, wá ní ọjọ́ kẹfà, ó ti bàbá rẹ̀ bọ̀ lórí àga oníkẹ̀kẹ́. Wọ́n pàdé nínú ọ́fíìsì. Ìnujú gbé ìka tí wọ́n wé ní báńdéèjì sókè bí ẹni tó ti ogun dé, ó ní òun ti rí ẹlẹ́bi. Ó ti wá gbọ́ ohun tí àjẹsára ọjọ́sí wà fún.

"Obìnrin yìí ló lé dókítà padà! Ẹ bi í! Bó bá jẹ́ irọ́, kó sọ."

Gbogbo ojú yí sí Ayínmú.

"Òótọ́ ni," ó ní. "Mo rò pé mo mọ̀ ọ́n ju abẹ́rẹ́ lọ. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mo gbé e. Ẹni tó gbé pátákó kúrò, tó gbé agbada kúrò, tó ní ká kó àlejò wọlé, tó fi kámẹ́rà wo ibà, kó wá gbé tirẹ̀ náà. Mi ò ní bá a gbé e, ó wúwo."

Bàbá olóko, tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan ló fi ń sọ̀rọ̀, yíjú sí Ayínmú.

"Ìwọ," ó ní, ọ̀rọ̀ náà ń wọ́. "Mo kọ́ ọ kó o máa wo ẹlẹ́dẹ̀. N kò kọ́ ọ kó o má wo èèyàn."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Ayínmú ju gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni ti sọ sí i láyé, títí kan ti ọkọ.

Wọn kò lé e. Ọmọ bàbá ló gba ọgbà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Ìnujú kò jà sí i, ó ní òun ti sọ tẹ́lẹ̀ pé òórùn ibẹ̀ kò bá òun lára mu. A gbọ́ pé ó ń ta táìlì ìgbàlódé báyìí, ó sì jókòó síbi tí gbogbo nǹkan ti ń dán. Pátákó padà sẹ́nu yàrá. Ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára kúrò lábẹ́ àṣẹ Ayínmú. Dókítà ló ń kọ ọ́, ọmọ bàbá ló ń fọwọ́ sí i. Ìyẹn ta á lára, ó sì gbà á. Àwọn àlejò kì í tún wọlé kí oṣù kan tó pé lẹ́yìn kànga. Abo dúdú ńlá ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú oríkèé ẹsẹ̀ kan tó wú tí kò lọ mọ́, ó ń tiro dé ìdí ọpọ́n, ó sì máa ń pẹ́ dé. Ayínmú máa ń dúró dè é kó tó pín oúnjẹ fún àwọn tó kù.

Ẹ má rò pé ó wá di ẹni pẹ̀lẹ́ o. Ó ṣì ń yínmú. Ó yínmú sí ẹni tó ń tún rédíò ṣe lánàá. Ó yínmú sí bí dókítà ṣe ń di ẹlẹ́dẹ̀ mú, dókítà sì yí padà, ó rí imú náà lókè níbi tó wà.

"Ó dáa," ni dókítà wí. "Ẹ fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

Ayínmú gbé kúlà sílẹ̀, ó ká ọwọ́ aṣọ, ó sì fi hàn án.